Tíṣà Ọláṣùmbọ̀ àti Ọmọ Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Nígbà tí Ọláṣùmbọ̀ dé láti ibi kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tí ìjọba rán àwọn tíṣà lọ ní ìsinmi gígùn ọdún 1977, ohun méjì ló mú bọ̀: ikọ́ tí kò tètè lọ, àti ìwé nóòtì kan tí ó fi bébà ìwé ìròyìn dì lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ikọ́ lọ. Ìwé nóòtì ni kò lọ.

Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, ará Iléṣà, ti ṣe akọ̀wé rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì sí Hwolshe, àdúgbò kan níbẹ̀, ilé bàbá yìí náà ló sì ń gbé. Kò tíì lọ́kọ, ìyẹn kò sì dùn ún tó bó ṣe ń dun àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ló mọ̀, ó sì ń ṣe é bí ẹni ń to aṣọ sínú àpótí: ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìwé nóòtì náà ni bí òye ọmọdé ṣe ń dàgbà. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó pe nóòtì náà fún wọn, ní àkàsọ̀ mẹ́rin ni gbogbo ọmọ ń gùn láti ìgbà ìkókó títí di ìgbà ọ̀dọ́, kò sì sí ọmọ tó lè fo ọ̀kan kọjá. Ó ní kí wọ́n bu omi sínú ife méjì tó dọ́gba, kí wọ́n da omi ife kan sínú ìgò tóóró tó ga, kí wọ́n wá bi ọmọ léèrè èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Ọmọ tó bá ní ti ìgò ni, kò tíì dé àkàsọ̀ kẹta. Èyí tó bá ní bákan náà ni wọ́n, ó ti dé ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún méje lọmọ ń dé ibẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ fa ìlà pupa sábẹ́ ọdún méje.

Pírámárì kìíní ló ń kọ́ ní ilé-ìwé kan ní Nasarawa Gwong, àdúgbò mìíràn ní Jọ́ọ̀sì. Láti ọdún tó kọjá tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni kíláàsì ti kún àkúnya. Ọmọ mọ́kànléláàádọ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ogójì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìyókù jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Òfin ilé-ìwé kò pọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹ́ dé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ṣẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò na ọwọ́ sókè.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Ọláṣùmbọ̀ fi da omi. Ó ń bi àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kọ èsì wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ló yege. Ó kọ "kò tíì dé ibẹ̀" nígbà méjìlélọ́gọ́ta. Ilé àwọn mẹ́sàn-án yẹn ni wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n èyí kò sí nínú nóòtì, òun náà kò sì kíyè sí i.

Lára àwọn méjìlélọ́gọ́ta ni Kúbúrá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ìyá rẹ̀, Sàdíátù, ará Ìlọrin, ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́jà. Ọdún kejì Kúbúrá nìyí ní pírámárì kìíní, kò sì sẹ́ni tó rántí ìgbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Christopher, hẹ́dímásítà, ti sọ pé odi ni.

"Kọ lẹ́tà sí àwọn òbí rẹ̀," ó sọ fún Ọláṣùmbọ̀. "Kí wọ́n wá mú un. Ẹni tó ń gbọ́rọ̀ nílò ibi tó jókòó sí."

Ọláṣùmbọ̀ kọ lẹ́tà náà. Nítorí pé ọjọ́ Sátidé ló fẹ́ lọ ra ìrẹsì, ó ní òun yóò kúkú fi ọwọ́ ara òun mú un lọ.

Nígbà tó dé ìsọ̀, Sàdíátù ń kírun lẹ́yìn àpò. Kúbúrá ló dúró nídìí ọjà pẹ̀lú mudu lọ́wọ́, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ. Obìnrin kan ń bá a jà ní Hausa: abọ́ ìsọ̀ kejì ga ju tìrẹ lọ, ìrẹsì wọn pọ̀ ju tìrẹ lọ.

"Haba, Hajiya," ni Kúbúrá wí, ohùn rẹ̀ sì dún bí aago. "Tsawo ne kawai, ba yawa ba." Ó ní gíga lásán ni, kì í ṣe pípọ̀. Ó sáré lọ yá abọ́ gíga náà ní ìsọ̀ kejì, ó bu ìrẹsì kún un, ó dà á sínú mudu tirẹ̀. Mudu náà kún gẹ́gẹ́, kò sì ṣẹ́kù. Obìnrin náà ra mudu mẹ́ta.

Ọláṣùmbọ̀ dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbìn. Kúbúrá rí i, ó sì pa ẹnu dé lójú ẹsẹ̀.

Sàdíátù kí i dáadáa. "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí Tíṣà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Ìyá Kúbúrá. Ọmọ yín ń sọ̀rọ̀."

"Kúbúrá? Wallahi, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Hausa ló fi ń dáhùn. Kí ló dé?"

"Kì í sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé."

Sàdíátù ká ẹní ìrun rẹ̀. "Mo rò pé ẹ mọ̀. Ọjọ́ kejì tó wọ ilé-ìwé, ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n, ó sì fi Hausa tọrọ àyè lọ́wọ́ tíṣà. Tíṣà ní kó kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló tọ̀ sára sí, gbogbo kíláàsì sì fi ṣẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà ló ti ní òun ò ní í lanu níbẹ̀ mọ́."

"Tíṣà wo ni?"

"Ẹ̀yin náà kọ́, Àǹtí?"

Ọláṣùmbọ̀ wá ọjọ́ náà kiri nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ọmọ tó ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pọ̀ débi pé kò lè dá ọ̀kan mọ̀. Èyí ló dùn ún jù. Ó ra mudu ìrẹsì méjì, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ló fẹ́ rà, ó sì mú lẹ́tà náà padà lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó pe Kúbúrá sídìí tábìlì. "Ki yi hakuri," ó wí, kó má bínú. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ wá kọjú sí kíláàsì, ó ní láti òní lọ, ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, èdè tó bá wá sí i lẹ́nu ni kó fi sọ. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló jáde lọ tọ̀.

Ó tún omi dà, ní Hausa lọ́tẹ̀ yìí. Mẹ́tàlélógójì ló yege. Ó fi rúlà fagi lé gbogbo èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, Kúbúrá na ọwọ́ sókè, ó fi Hausa ní kí Malama, ìyẹn tíṣà, wá wo ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà ní kíláàsì.

Ní oṣù kọkànlá, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga wá wo bí àwọn tó lọ sí kọ́ọ̀sì ṣe ń lo nóòtì. Hẹ́dímásítà tẹ̀ lé e wọlé. Ọláṣùmbọ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ Hausa. Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ da omi, ó nàka sí Kúbúrá.

"Daidai suke," ni Kúbúrá dáhùn. Wọ́n dọ́gba.

"Bi í pé báwo ló ṣe mọ̀," ni olùkọ́ náà sọ fún Ọláṣùmbọ̀.

"Ba a kara ba, ba a rage ba." A kò fi kún un, a kò sì yọ níbẹ̀.

Olùkọ́ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Kúbúrá kò tíì jókòó. Ó nàka sí ìgò náà, ó nàka sí àwo fífẹ̀ kan lórí tábìlì tí omi inú rẹ̀ kò jìn, ó ní kí Malama bá òun bi Ọ̀gá èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀gá ní ti ìgò ni. Kúbúrá da omi àwo sínú ife, ó kún, ó sì tún ṣẹ́kù. Omi ìgò kò ju ife kan lọ. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó tọrọ omi mu.

Ìwé rẹ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: tíṣà yìí gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó lo èdè ìbílẹ̀. Hẹ́dímásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìwé mìíràn dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, pé èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Hẹ́dímásítà kà á fún gbogbo wọn, ó ní ohun tí òun ti ń sọ tipẹ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún 1985, lásìkò ọyẹ́, Sàdíátù wá sí Hwolshe, ó fi gèlè dì mọ́ etí méjèèjì. Kúbúrá ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní ilé-ìwé girama.

"Àǹtí Tíṣà, ẹ gbà mí. Bàbá rẹ̀ rí ọkọ fún un ní Ìlọrin. Ó ní òun ò lọ, àfi tí òun bá ṣe ìdánwò àṣekágbá tán. Ó ń bá bàbá rẹ̀ jiyàn lójúkojú! Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ."

"Mi ò kọ́ ọ, Ìyá Kúbúrá. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́ lọ́dún kan gbáko."

Sàdíátù tú gèlè kúrò létí. "Ṣé ìwé yín sọ ìgbà tí wọ́n máa ń jáwọ́ nínú iyàn jíjà?"

"Ó sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọjọ́ orí yẹn nìyẹn. Kò sọ ìgbà tó ń tán."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé ọdún kan ààbọ̀ ló kù. Ọkọ tó bá fẹ́ ẹ yóò dúró."

Bàbá gbà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọkọ kò dúró. Kúbúrá ṣe ìdánwò náà, ó yege iṣẹ́ mẹ́fà, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní níbẹ̀, òun ni wọ́n máa ń rán láti lọ bá hẹ́dímétúrọ̀ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, sọ ọ́ nígbà tí oúnjẹ kò bá dára.