Apá Giramafóònù Lórí Ilẹ̀ Pákó

Ní ọjọ́ Sátidé kan, nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1974, nígbà tí aago méje alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, apá giramafóònù bàbá mi yẹ̀ ní oríkèé, ó sì wó lu àwo tó ń yí lábẹ́ rẹ̀. Aago náà dá mi lójú, nítorí mo fẹ́ yí rédíò sí ìròyìn aago méje, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aago ọwọ́ mi ni. Ìyá onílé mi wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi bí ìṣe rẹ̀.

"Ó ti kú?" ó bi mí.

"Apá rẹ̀ ló yẹ̀, Mà."

"Bó bá jẹ́ apá ni, kò tíì kú. Tèmi náà yẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo ṣì ń gúnyán."

Iléṣà ni mò ń gbé nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé girama kan. Ọmọ Òṣogbo ni mí. N kò ní ará ní Iléṣà, n kò sì yára láti yan ọ̀rẹ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni mo háyà yàrá sí, lókè, níbi tí wọ́n ti fi pákó tẹ́ ilẹ̀. Opó ni ìyá onílé, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́, á gún iyán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lábẹ́ yàrá mi gan-an, á pè mí wá jẹun, lẹ́yìn náà á tẹ̀ lé mi gun àtẹ̀gùn wá gbọ́ àwo. Kì í dákẹ́ bí orin bá ń lọ. Ó máa ń pe ilé ní "ulé", bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é, á ní ulé tí kò bá ti sí ariwo, òkú ló ń gbébẹ̀. Bí mo bá sọ pé gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi, mo purọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí, kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ìlú náà tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi ní Òṣogbo kí ó tó kú. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló ti ra giramafóònù náà, ṣáájú òmìnira tàbí ní kété lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu àwọn tó sọ fún mi kò kò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀ńjìnnì inú rẹ̀ kì í sáré jù, kì í sì í falẹ̀. Mo ti fi aago wò ó. Nítorí náà, apá nìkan ni mo nílò.

Ní Sátidé kejì, mo gbé e lọ sí Òkè Fíà ní Òṣogbo, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ti ń tún rédíò bàbá mi ṣe láti ìgbà tí mo wà ní kékeré.

"Ọmọ rélùwéè!" ó ké. "Ìwọ rèé? Gbogbo ìwé tó o jẹ yìí, kò tilẹ̀ sanra sí ọ lára."

Ó gbé apá méjì ka orí tábìlì. Àkọ́kọ́ nípọn, ó sì wúwo. Ara ẹ̀rọ àlòkù kan ló ti tú u. Kátíríìjì rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó di abẹ́rẹ́ mú tó sì ń sọ ìgbọ̀nrìrì abẹ́rẹ́ di ohùn, jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀, tó ń tẹ àwo mọ́lẹ̀ gidigidi. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé. Inú páálí tí wọ́n tẹ́ fóòmù sí ló wà. Irin kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí èèyàn lè yí síwájú tàbí sẹ́yìn, títí abẹ́rẹ́ yóò fi fúyẹ́ lórí àwo bí ìyẹ́. Ó ní ẹnjiníà kan tó lọ sí òkè òkun ló fi sílẹ̀. Èyí, mo kàn gbọ́ ọ ni.

"Gbé èyí tó nípọn," ó ní. "Bí tírélà bá kọlu ilé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní fò lórí àwo."

"Yóò ha àwo jẹ, Ọ̀gá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo kà á nínú ìwé."

"O kà á! Ṣé ẹni tó kọ ọ́ ti dé Òkè Fíà rí?"

Ìbéèrè náà kò burú. N kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ìwé gbọ́ lásán, n kò sì fẹ́ gba tirẹ̀ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a fi àwọn méjèèjì gbọ́ àwo kan náà, àwo sákárà bàbá mi. Apá tó nípọn la kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ. Ohùn náà ki, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, nígbà tó sì parí, mo rí lẹ́búlẹ́bú dúdú kan lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ti èkejì kò lè dún sókè àfi ìgbà tí ọ̀gá jó ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé ohùn sókè mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ olórin tó fa èémí kí ó tó lé orin. Mo gbọ́ ẹlẹ́gbè kan tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, tí n kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni mo ti mọ àwo náà. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Ọ̀gá gbà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí n lọ láìsọ nǹkan. "Bó bá ń fò, fi kọ́bọ̀ kan lé e lórí."

Ní Ọjọ́ Ajé, mo gbé àwo náà sí i nínú yàrá mi. Olórin náà fa èémí. Lábẹ́ mi, ọmọ odó balẹ̀ sínú odó, abẹ́rẹ́ sì fò láti àárín orin dé ìparí. Ìgbà yẹn ni mo rí àbùkù ìdánwò mi: orí sìmẹ́ńtì ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wà.

Mo sún tábìlì mọ́ ògiri. Mo gé táyà, mo fi tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àyípadà díẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò tó. N kò fi kọ́bọ̀ lé e, nítorí irin tín-ín-rín tó di abẹ́rẹ́ náà mú rọ̀ bí irun, yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Nígbà tí iyán parí tí Màmá, ìyá onílé mi, sì gòkè wá, bó ṣe tẹ pákó àkọ́kọ́ nínú yàrá, abẹ́rẹ́ tún fò.

"Èmi ló ṣe é?"

"Pákó ni, Mà. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Èmi kọ́ ni mo wà lórí pákó?"

Lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ bàtà sílẹ̀ nísàlẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tó ń fi ọwọ́ ra ògiri. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ rárá, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun gbogbo lọ dáadáa títí ó fi dìde. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò gòkè wá mọ́.

Kò pẹ́ tí odó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Màmá sọ fún mi pé ooru ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti pọ̀ jù. Aránṣọ tó ń lo yàrá iwájú sọ fún mi pé Màmá ní ẹ̀rọ tíṣà ò fẹ́ ariwo. Ìdí méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́. Oúnjẹ kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n nínú abọ́ ọlọ́mọrí ni mo ti ń bá a, lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Mò ń gbé e gòkè, mò ń jẹ ẹ́ létí giramafóònù. Orin ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfò. Mò ń gbọ́ gbogbo èémí olórin náà.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi Kérésìmesì, mo dá apá tẹ́ẹ́rẹ́ náà padà sí Òkè Fíà.

"Ó ti bàjẹ́?" ọ̀gá béèrè.

"Rárá. Ó dára gan-an."

"Kí ló wá dé?"

"Ìyá onílé mi kì í wá gbọ́ àwo mọ́."

"Ìyàwó lò ń wá, ọmọ rélùwéè, o wá ń pààrọ̀ apá kiri." Ó fa apá tó nípọn jáde lábẹ́ tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń de wáyà rẹ̀ fún mi.

Mo padà dé Iléṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn Màmá. Aránṣọ ní ọmọ Màmá obìnrin bímọ ní Kàdúná, wọ́n sì ti wá mú un lánàá kí ó lọ wẹ ọmọ.

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Ọmọ tuntun ni, Tíṣà. Ta ló lè sọ?"

Bóyá ì bá tún gòkè wá ká ní ó wà nílé, n kò mọ̀. Mo gbé giramafóònù sórí tábìlì, mo sì fi àwo sákárà náà sí i. Ohùn náà ti tún ki. Èémí olórin kò sí mọ́, ẹlẹ́gbè tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n kò sí mọ́. Mo dúró láàárín yàrá, mo fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo jàn án mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń gúnyán. Pákó dún, ife omi orí tábìlì gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ náà kò fò.