Páúdà Fún Iná Tí Kò Tàn

Páúdà náà bọ́ sí mi lójú kí n tó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn rẹ̀ dùn bí òórùn ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà ọ̀fun mi wọlé, mo sì ń wúkọ́ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú atelíyè tí a ti ń kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ìyá ìyá mi, tí mò ń pè ní màmá, dúró lé mi lórí nínú léèsì funfun, agolo páúdà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń dà á, wọ́n ń ṣàdúrà. Àwọn ẹgbẹ́ mi nínú aṣọ iṣẹ́ búlúù ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó ṣèdánwò fún wa sáré jáde, ó ń pariwo pé, "Maman, pas encore! Pas encore!"

Màmá gbọ́ ọ dáadáa pé ó ní kò tíì yá.

"Mùsíè, ìgbà wo ló wá máa yá?" ni wọ́n bi í. "Ọmọ ti jáde nínú atelíyè, ó ti gbé irinṣẹ́ sílẹ̀."

Mi ò lè bá wọn jà sí i. Ládùúgbò wa ní Tokoin Wuiti, ní Lomé, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ parí kì í dédé rìn lọ sílé. Á wọ aṣọ funfun, á kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á da páúdà sí i lórí, á ṣàdúrà fún un, á sì dá a sílẹ̀. Libérasíọ̀n ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà tí à ń pè ní zémì á gbé e yí àdúgbò ká, fèrè ń dún, ojú rẹ̀ á funfun báláú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ aránṣọ àti onídìrí tí wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá sì ti ń kọjá, màmá á jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á ní, "Tèmi náà ń bọ̀ o!"

Àgádágodo àti ìṣó ni màmá ń tà lọ́jà láti ìgbà tí ọkọ wọn ti mú wọn wá sí Lomé. Nígbà tí mo wọ lísè láti kọ́ṣẹ́ iná, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi kùn pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Màmá ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Zanguéra yẹn, ta ló máa fa iná sí wọn?" Kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ní lísè, ìwé àbájáde tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì là ń dúró dè, pé kò sí ti páúdà níbẹ̀. Èmi náà kò rò ó. Ohun tí mo sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ò ju pé, "Màmá, òní la máa parí iṣẹ́ atelíyè."

Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe nínú ìdánwò ni pé kí n fa wáyà sí gílóòbù kan, kó jẹ́ pé èèyàn lè tàn án láti ẹnu ọ̀nà, kó tún lè pa á lẹ́bàá ibùsùn. Mo fà á. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà, kò tàn. Ó tẹ ti ẹ̀bá ibùsùn, ó tàn. Ó padà tẹ ti ẹnu ọ̀nà, ó kú. Ó tún tẹ ti ẹ̀bá ibùsùn kó fi tàn án, gílóòbù náà kọ̀, ó dúdú sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé wáyà kan wà nínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀gá mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, mo jáde, àfi bí mo ṣe yọ sí màmá àtàwọn aládùúgbò lágbàlá, tí wọ́n ń kọrin.

Níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, mo fa etí ìró wọn. "Màmá, iná mi ò tàn."

Ọwọ́ wọn dúró lókè. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ọ̀gá, wọ́n wá bojú wẹ̀yìn wo àwọn obìnrin tí wọ́n kó wá. Wọ́n tẹ̀ sún mọ́ etí mi. "Mo gbọ́. Tẹrí ba," ni wọ́n wí, wọ́n sì da ìyókù.

Bí zémì ṣe gbé mi kiri nìyẹn. Aránṣọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ọmọ ẹ̀yà Mina, ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé wa. Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlé sínú rẹ̀.

Àbájáde jáde, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ padà sí ìsọ̀ màmá, mo bẹ̀ wọ́n pé bí èèyàn bá bèèrè, kí wọ́n ní àbájáde ò tíì jáde.

"Ṣé kí n wá máa rántí irọ́ ni, lọ́jọ́ ogbó mi yìí?" ni wọ́n dá mi lóhùn.

Kò pẹ́ tí alájọtà wọn kan tó ń ta kọ́kọ́rọ́ kọjá. "Ẹ kú oríire ọmọ o! Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?" Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìṣó bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Kò yege," ni màmá wí. Wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ń tún un kọ́."

"Háà! Páúdà ọjọ́sí ń kọ́?"

"Èmi ni mo dà á. Ojú ló kán mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Màmá mú aṣọ, wọ́n ń nu àgádágodo kan. Wọ́n nù ún, wọ́n tún un nù, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku kankan lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ojú ń ti àwọn náà, àti pé èmi ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbé ìtìjú náà rù. Gbogbo ọdún yẹn ni wọ́n fi ń dá àwọn èèyàn lóhùn bẹ́ẹ̀. N ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé ọ̀gá ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, tàbí pé ara mi ò yá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iná mi tàn láti ìhà méjèèjì. Mo dúró títí àbájáde fi jáde, mo ra páúdà, mo gba ọjà lọ, mo sì kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Màmá ṣí agolo náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dé e padà. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sáàárín àwọn àgádágodo.

"Èyí tí mo dà lọ́jọ́sí náà ni," ni wọ́n wí. "Ó kàn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ni. Dìde, oníbàárà ń bọ̀."

Màmá ti lọ sọ́run. Èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ iná báyìí, ní ìlú yìí kan náà, àwọn òbí sì ń gbé páúdà wá sẹ́nu géètì lọ́jọ́ ìdánwò. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú sùúrù. Àwọn kan á gbọ́, àwọn kan ò ní gbọ́, mo sì máa ń rí ọmọ tó ń jáde bọ̀ tí ojú rẹ̀ wolẹ̀. Tí mo bá ti rí i, ojú tèmi náà á wolẹ̀.

Ìtìjú iná tí kò tàn ti kúrò lára mi tipẹ́. Èyí tí mi ò tíì rí gbé sọ nù ni ti ọwọ́ màmá, bó ṣe dúró lókè orí mi nígbà tí wọ́n gbọ́ òótọ́, tó sì tún rọra sọ̀kalẹ̀, tó ń da páúdà lọ.