Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣe Sùúrù ní Ẹ̀pẹ́

Bí òórùn lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń yọ́ bá pàdé òórùn ẹja tútù níbi kan, ọkàn mi a padà sí Ẹ̀pẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí òórùn méjèèjì yẹn ti pàdé nígbà ọ̀dọ́ mi ni ayé mi ti yà sí ọ̀nà tó ń tọ̀ títí di òní, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Ìkòròdú là ń gbé, nínú ẹ́sítéètì kan tí gbogbo àwọn bàbá ibẹ̀ máa ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè tètè dé ibi iṣẹ́ ní Èkó. Bàbá mi wà lára wọn. Orí ìjókòó ọkọ̀ ni wọ́n ti máa ń parí oorun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí ibùsùn. Èmi ti jáde ní pólì, mo ti kọ́ nípa iná mànàmáná, Bàbá mi sì ti bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ kí n wá máa jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Mo ní mi ò lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún pánẹ́ẹ̀lì tó ń darí ẹ̀rọ ṣe ní Itamaga. Bàbá mi ní, “Ìwọ tó jáde ní pólì, o wá lọ di ọmọọṣẹ́ oníwèé mẹ́wàá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju “káàárọ̀” àti “ó dàárọ̀” lọ.

Ọ̀yọ́ ni Ọ̀gá mi ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an. Bó bá jó lẹ́ẹ̀dì sójú pánẹ́ẹ̀lì, o ò ní mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn kan ibẹ̀. Ohun tó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, mi ò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan: ohun tó wà nínú àìsíì kò kàn wá. Àìsíì ni nǹkan dúdú kékeré onírin wẹ́wẹ́ tó máa ń wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì, òun ló ń ronú fún ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n ti kó èrò sí nínú tẹ́lẹ̀ ni Ọ̀gá máa ń rà wá láti Èkó, á jó o mọ́ àyè rẹ̀, iṣẹ́ parí. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ kí ẹ̀rọ òun máa ṣe báyìí tàbí báyẹn, Ọ̀gá á ní, “Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.” Mo kórìíra gbólóhùn yẹn. Ta ni “wọ́n”? Ṣé wọn kì í ṣe èèyàn bíi tiwa ni?

Èmi ti ń lọ sí kàfé kan nítòsí Garaji Ìkòròdú, níbi tí a ti ń san owó wákàtí lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn irinṣẹ́ kan tí àwọn tó ṣe wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, mo sì kó wọn sínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi, èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú kí n tó rà á. Àwọn irinṣẹ́ náà kò ní àwòrán kankan. Ojú dúdú lásán ni wàá rí. Wàá kọ àṣẹ rẹ ní ìlà kan, wàá tẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ ọ, ó sì lè bú ọ. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn máa ń sọ ètò, ìyẹn ìlànà iṣẹ́ tí mo bá kọ fún ẹ̀rọ, di èdè ẹ̀rọ. Àmọ́ ẹrù ńlá ló máa ń dì fún mi: ara ètò náà, orúkọ gbogbo ohun tí mo lò nínú rẹ̀, àlàyé lóríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ lódidi. Àìsíì kékeré kò lè gbé gbogbo ìyẹn mì. Ìdí nìyẹn tí irinṣẹ́ kejì fi wà, objcopy lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń tú ẹrù náà, tó ń ṣe àdàkọ ibi tí mo bá dárúkọ, tó sì ń yí i padà sí irú èyí tí àìsíì lè gbà. Ibi tí mi ò bá dárúkọ, kò ní mú un, kò sì ní bi mí bóyá mo gbàgbé. Ọ̀gá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. “Kọ̀ǹpútà tí kò ní àwòrán! Lọ́fẹ̀ẹ́? Ọmọ mi, awoof dey run belly o.”

Alhaja kan ní Ẹ̀pẹ́ ló ni ilé yìnyín tí àwọn ẹlẹ́ja ń kó ẹja wọn sí di ọjọ́ ọjà. Kọ́mpírẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń mú ilé náà tutù, ti jó mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń pa á. Bí wọ́n bá mú iná wá, iná náà á kọ́kọ́ máa lọ sókè, máa bọ̀ wálẹ̀, kó tó fara balẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì tí Ọ̀gá fi síbẹ̀ sì máa ń jí kọ́mpírẹ́sọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí Alhaja wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè pé, “Ṣé kò lè ṣe sùúrù díẹ̀ kó tó gbéra ni?”

Ọ̀gá ní, “Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, Alhaja.”

Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀. “Mo lè ṣe èyí tó máa ṣe sùúrù, mà.”

Ọ̀gá wò mí bí ẹni pé mo da omi sí i lára. Alhaja ló ní, “Ẹ jẹ́ kó dán an wò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.” Ọ̀gá gbà nítorí pé oníbàárà ló sọ ọ́.

Mo délé, mo yangàn. Bàbá mi gbé ṣíbí kalẹ̀ sínú àwo, wọ́n ní, “Ó dáa. Bí ẹ̀rọ Ẹ̀pẹ́ bá ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì tán lẹ́nu mi. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọjọ́ Mọ́ńdè, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ń jáde nílé.” Mo ní mo gbà. Ọmọbìnrin tó rò pé òun gbọ́n ju gbogbo Ìkòròdú lọ, kí ni ì bá tún sọ?

Mo kọ ètò náà, mo dán an wò ní Itamaga, gílóòbù ni mo fi ṣe kọ́mpírẹ́sọ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, èmi náà sì fẹ́ ṣe ẹ̀ṣọ́ sí i. Mo fi bọ́tìnnì méjì kún un kí Alhaja lè máa yí iye ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ máa fi dúró padà fúnra rẹ̀. Iye náà tó wà nínú ara ètò tẹ́lẹ̀, mo wá yọ ọ́ síta, mo fún un ní àyè tirẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo yí i sókè, mo yí i sódò, gílóòbù ń dúró dè mí bí ọmọ tó gbọ́ràn. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Ọjọ́ Sátidé, Ọ̀gá wa ọkọ̀, a kọjá oríta tó yà sí Ejìnrìn, a dé Ẹ̀pẹ́. A tú pánẹ́ẹ̀lì àtijọ́, a de tuntun. Alhaja fúnra rẹ̀ gbé iná sókè. Kọ́mpírẹ́sọ̀ bú ramúramù lójú ẹsẹ̀, kò dúró kí ẹnikẹ́ni mí.

Alhaja yíjú sí mi. “Sùúrù ọ̀hún dà?”

Ọ̀gá ti sáré pa iná. “Tú u. Dá tàtijọ́ padà síbẹ̀.”

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí mọ̀ pé ọmọọṣẹ́ kì í já ọ̀gá rẹ̀ níyàn níwájú oníbàárà. Bí ọ̀gá bá ní omi ń ṣàn gòkè, ó ń ṣàn gòkè nìyẹn títí ẹ ó fi délé. Nítorí ọ̀gá ló ní òmìnira lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí o bá parí iṣẹ́, wàá kúnlẹ̀ níwájú èrò, á gbé ọwọ́ lé ọ lórí, á ṣàdúrà, ìgbà yẹn lo tó lè dá ṣọ́ọ̀bù tìrẹ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á, àwọn èèyàn gbà pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ́. Mo mọ gbogbo èyí. Mo sì ní, “Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní tú u.”

“Kí lo wí?”

“Ẹ jẹ́ kí n rí ohun tó ṣe é ná.”

“Níwájú kọ́sítọ́mà! Ṣé o fẹ́ spoil orúkọ mi ni?” Ọ̀gá kó irinṣẹ́ rẹ̀. “Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó yá, ká máa lọ. Bí o bá kù síbí, má wá sí Itamaga mọ́ o. Òmìnira tó kù díẹ̀ kí n fún ẹ, gbàgbé ẹ̀.”

Mo dúró. Ó jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń retí mi. Nígbà tí mi ò jáde, ó ṣáná sí ọkọ̀, ó lọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ẹ̀rù lọ. Ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ṣàṣìṣe, Ọ̀gá ò tiẹ̀ fẹ́ mọ irú àṣìṣe tó ṣe!

Alhaja ní, “Ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe? Ẹja èèyàn wà nínú ilé yẹn o.”

“Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, mà. Ṣùgbọ́n màá ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kírun alásárì.”

Ó fa wáyà iná kan láti pálọ̀ rẹ̀, ó gbé e lé orí páálí ẹja tó dojú bolẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gbé láptọ́ọ̀pù lé. Mo tẹ àṣẹ kan tó máa ń fi inú ẹrù hàn mí. Ara ètò wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní àyè tirẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí mo yọ síta jókòó jẹ́jẹ́. Mo wá wo èyí tí mo kó sínú àìsíì. Ara ètò nìkan ló wà níbẹ̀. Mo pariwo. Àṣẹ tí mo ti ń kọ fún objcopy láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ṣì ń kọ, ara ètò nìkan sì ni mo dárúkọ nínú rẹ̀, nítorí nígbà yẹn kò sí nǹkan mìíràn láti mú. Mo ti di ìkòkò lọ sóko, mo fi iyọ̀ sílẹ̀ nílé. Nígbà tí ẹ̀rọ jí ní Ẹ̀pẹ́, ó wá iye ìṣẹ́jú tó yẹ kó fi dúró, kò bá nǹkan kan. Ní Itamaga, ìka mi ló ti ń fi bọ́tìnnì sọ ọ́ fún un kí n tó dán an wò. Mo rẹ́rìn-ín ara mi tó bẹ́ẹ̀ tí Alhaja fi béèrè bóyá orí mi pé. Mo kọ àṣẹ náà lákọ̀tun, mo dárúkọ ibi méjèèjì, mo kó o sínú àìsíì, mo dá a padà sójú pánẹ́ẹ̀lì.

Alhaja gbé iná sókè. Kọ́mpírẹ́sọ̀ dákẹ́.

“Èyí wá kú pátápátá nìyẹn,” Alhaja wí.

“Kò kú, mà. Sùúrù tí ẹ ní kó ṣe ló ń ṣe.”

Ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún un. Èmi ò ní tẹ̀sùbáà, etí páálí ẹja ni mo dì mú. Mo rí ọ́fíìsì Bàbá mi kedere, mo rí àga àlejò, mo rí ara mi tí mò ń sọ fún èèyàn pé ọ̀gá kò sí ní ìjókòó. Tẹ̀sùbáà fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán kí nǹkan kan tó dún “kó” nínú pánẹ́ẹ̀lì, kọ́mpírẹ́sọ̀ sì gbéra, ó ń kùn jẹ́jẹ́. Alhaja pa iná, ó tún tàn án, kọ́mpírẹ́sọ̀ tún ṣe sùúrù kó tó gbéra. Alhaja tún dán an wò. Ó wá ní kí n kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ tó tutù, tó ní òórùn ẹja, lé mi lórí, ó ṣàdúrà gígùn. Nígbà tó parí, ó ní, “Èmi kọ́ ni ọ̀gá ẹ o. Àdúrà lásán lèyí, kì í ṣe òmìnira.” Mo ní mo gbọ́, mà.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Bàbá mi ti wọ kóòtù, wọ́n dúró ní pálọ̀. Mo ní, “Ẹ̀rọ Ẹ̀pẹ́ ṣiṣẹ́, sà.” Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní, “Ó dáa. Wá ṣí géètì fún mi.” Àwọn nìkan ló jáde.

Àwọn àgbà dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti Ọ̀gá. Wọ́n ní kí n mú ẹlẹ́rìndòdò dání, kí n lọ kúnlẹ̀, kí n sọ pé mo jẹ̀bi. Kíkúnlẹ̀ kò ṣòro fún mi; títí di òní, bí mo bá rí Ọ̀gá lójú títì, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, nítorí òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń di irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mú. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ̀bi, mi ò sì lè fi ẹnu mi sọ pé mo jẹ̀bi. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi láìgba òmìnira. Bí àwọn oníbàárà bá béèrè ohun tí àìsíì Èkó kò mọ̀, mo gbọ́ pé Ọ̀gá a máa wí fún wọn pé, “Ẹ lọ bá ọ̀dájú ọmọbìnrin yẹn.” Wọ́n sì máa ń wá.

Àwọn òbí tó fẹ́ fi ọmọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi a máa béèrè ẹni tó fún mi ní òmìnira. Mo máa ń sọ òtítọ́ fún wọn pé kò sẹ́ni tó fún mi. Àwọn kan a mú ọmọ wọn lọ. Kí wọ́n máa mú un lọ.

Láìpẹ́ yìí, mo ya Ẹ̀pẹ́. Alhaja ti dàgbà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà nídìí òwò báyìí, kò sì mọ̀ mí. Bí mo ṣe ń dúró kí ó wọn ẹja fún mi, wọ́n mú iná wá. Gílóòbù tàn, kọ́mpírẹ́sọ̀ dákẹ́. Oníbàárà kan pariwo pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ o, kí wọ́n sáré wá. Ọmọ Alhaja kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára òṣùwọ̀n. Ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, jàre. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.”

Mo ṣì kórìíra gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo jẹ́ kó kọjá, mo gba ẹja mi, mo rẹ́rìn-ín dé ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí. Èmi ni mo ṣe é.