Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Akígbe Ìkòròdú Lọ Ṣeré ní Ẹ̀pẹ́

Ohùn mi kò dára. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà fi ṣe òfófó. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìkòròdú, ìyá tó ń kọ́ wa lórin ní ohùn mi dà bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n gbàgbé láti da omi sí. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, kí fáànù lè máa bá wọn gbé e lọ. Àwọn òbí mi, tí wọ́n ti Ọ̀ṣun wá háyà yàrá méjì sí àdúgbò wa, ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún mi ní ohùn tuntun. Ó jọ pé Ọlọ́run wò ó títí, ó ní èyí tó wà nílẹ̀ náà ṣì wúlò.

Ẹni tó rí ìwúlò rẹ̀ ni onijìtá ìjọ. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kan, ọmọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, jìtá bá bú ramúramù. Ìyá àgbà kan tó ń jó bọ̀ níwájú pẹpẹ yí padà, ó sì lọ jókòó. Àwọn alàgbà ní kí onijìtá lọ wá ibi tí wọ́n ti ń sin ohun tó ń dún báyẹn. Ó jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yà lọ́dọ̀ mi kó tó lọ. Ó ní, "Sister, ohùn tí wọ́n ń fi fáànù lé yẹn, òun gan-an ni mò ń wá."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n ń pè ní mẹ́tàkọ́ọ̀ ní Ìkòròdú nìyẹn. Ẹ má bínú sí orúkọ náà, òyìnbó ló sọ ọ́, kò sì bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè. Orin náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Jìtá á máa han, ìlù á máa sáré, ẹnì kan á máa ké bí ẹni tí ilẹ̀kùn há lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ohun gbogbo á dákẹ́ lójijì, orin á wá já lulẹ̀ gììrì, á máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ, kí àwọn èèyàn lè máa mi orí. Ibi tó ti ń já yẹn, àwa ń pè é ní Ìwólulẹ̀. Èmi ni mo ń ké.

Ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù nítòsí Èbúté Ìkòròdú la ti ń ṣe ìdánrawò, torí ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù nìkan ló lè bo ariwo wa. Onibéèsì wa tó jẹ́ ọmọ onílùú ló bá wa rí ibẹ̀. Ìdí tó fi yan béèsì ni pé okùn mẹ́rin ló ní, jìtá ní mẹ́fà; ó ní òun kì í ṣe olójúkòkòrò.

Níbẹ̀rẹ̀, orin àwọn òyìnbó la ń kọ, èyí tí a gbọ́ lórí fóònù. Èmi ń ké ohun tí kò yé mi fún àwọn tí kò yé rárá. Nígbà tí a ṣeré níbi àríyá ọ̀dọ́ kan ládùúgbò, ẹni tó ń darí ètò sáré gbé omi tútù wá fún mi láàárín orin, ó rò pé nǹkan há mi lọ́fun. Ìyàwó rẹ̀ tún wá ń gbá mi lẹ́yìn. Mo mu omi náà, kí n má baà ya aláìmoore.

Onílù wa ló yọ wá nínú ìtìjú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, láti ilé Mùsùlùmí tí wọ́n ń fi ẹja pípa jẹun láti ìran baba wọn. Ó wá kọ́ iṣẹ́ títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Ìkòròdú. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ìlù bíi tàwa yòókù. Láti kékeré ló ti ń ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi agogo àti agolo jí àdúgbò láti jẹ sààrì nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ìlù jí odidi àdúgbò, tí wọn kò sì da omi lé e lórí, kí ni yóò tún bà á lẹ́rù? Ó mú bí wọ́n ṣe ń lu ìlù sààrì yẹn, ó kó o sí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi ń tẹ ìlù ńlá tó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe é, onijìtá ò lè ta jìtá mọ́, ó kàn ń wò ó. Láti ọjọ́ náà ni orin wa kò ti jẹ́ aṣọ àyálò mọ́.

Òun náà ló ní ká máa kọ ọ́ ní Yorùbá. Mo kọ̀. Mo ní Yorùbá tí a bá ké báyẹn, kò ní sí ohùn òkè, kò ní sí ohùn ìsàlẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ohun tí mò ń sọ?

Ó ní, "Ìyẹn gan-an ló sweet. A lè sọ ohun tó bá wù wá lójú ẹni tó bá wù wá."

Ó wá kọ orin kan tó di èyí tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ wá, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo èèyàn kò ju ìwọ̀nba lọ:

Mi ò ní padà sómi.
Ọkọ̀ bàbá mi, wá ẹlòmíì.
Kí omi má pè mí mọ́.

Kì í ṣe eré ló ń ṣe. Bàbá rẹ̀ ti ń dàgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti bá ìyàwó lọ sí Ìbàdàn, òun nìkan ló kù tí ọkọ̀ ìpẹja náà lè di tirẹ̀. Gbogbo ìgbà ni bàbá ń pè pé kó máa bọ̀ nílé. Níkẹyìn bàbá gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá ṣe nǹkan yẹn níwájú mi. Tó bá jẹ́ iṣẹ́, màá rí i. Tó bá jẹ́ ariwo lásán, o ò ní bá wọn padà."

Ẹgbẹ́ akígbe tí kò ní onílù, ọmọ ìjà lásán ni. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A kó ẹrù sínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó búlọ́ọ̀kù, a gba ọ̀nà Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bàbá kò bínú sí wa. Ìbá sàn kó bínú. Ó bi mí léèrè ilé baba mi, ó ní kí wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ fún wa, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àwọ̀n tó ya. Lẹ́yìn ìrun alásàrì, àgbàlá wọn tó wà létí ọ̀sà ti kún. Àwọn apẹja wá, àwọn obìnrin tó ń ta ẹja wá. Àlùfáà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá fi àdúrà ṣí i, ó gùn díẹ̀, gbogbo wọn ń ṣe àmín. Bí ó ṣe jókòó báyìí, onílù wa kò jẹ́ kí ilẹ̀ tutù, ó fi ìlù sí i.

Ẹnu ya àwọn èèyàn. Mo dijú, mo lóṣòó, mo fi ọwọ́ méjèèjì di maikirofóònù mú, òógùn ń wọ̀ mí lójú, mo sì ké e débi tí orin ti fẹ́ já: "Kí omi má pè mí mọ́!" Ohun gbogbo dákẹ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni gbogbo àgbàlá dáhùn pé, "Àmíín!"

Mo lajú. Mo ti ṣeré níbi tí wọ́n ti fọwọ́ dí etí, mi ò tíì ṣeré níbi tí wọ́n ti na àtẹ́lẹwọ́ sókè rí.

Ẹ má bú wọn o. Àdúrà tí àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán, èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ ni. Ní ìjọ tiwa náà, àwọn kan ń fi ahọ́n àjèjì ké títí aṣọ wọn á fi rin gbingbin, àmín náà la sì ń ṣe. Láti kékeré la ti mọ̀ pé ẹni tó bá dijú, tó ń làágùn, tó ń pariwo ohun tí kò yé ni, àdúrà ló ń gbà. Tó bá ti dánu dúró, ó ku tiwa.

Onibéèsì sún mọ́ mi, ó ní, "Má dúró o! Wọ́n ń feel ẹ!"

Mi ò dúró. Bí orin bá ti já, àmín á ró, èyí tó tẹ̀lé e á sì ju ti ìṣáájú lọ. Mo bojú wẹ̀yìn wo onílù, ojú rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti dìde dúró. Ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń ṣe àmín ju gbogbo wọn lọ, nígbà tí orin sì parí, ó fi ọwọ́ náà pa ojú bí wọ́n ṣe ń parí àdúrà. Obìnrin ẹlẹ́ja kan ti gbé ọmọ rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ó ní, "Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ohùn yẹn lé ikọ́ ọmọ yìí lọ." Mo gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí. Ó wú ikọ́ sí mi lójú.

Bàbá wá bá wa níbi tí a ti ń ká wáyà. Ó ní, "Iṣẹ́ ni. Mo rí òógùn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, àdúrà wo lo ń gbà fún wa gan-an? Ó wọ̀ mí lára."

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, tó ń dán. Mo fẹ́ sọ pé àdúrà ààbò lójú omi ni. Onílù kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe àdúrà. Èmi ni mo kọ ọ́." Ó dorí kodò, ó sì ka orin náà fún bàbá rẹ̀ jẹ́jẹ́, láìpariwo, gbogbo ọ̀rọ̀ dúró sí àyè rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi pàápàá máa gbọ́ orin náà ní Yorùbá nìyẹn, ó sì dùn mí.

Bàbá ní, "Èmi náà ṣe àmín sí i?"

"Ẹ ṣe é, sà."

Àlùfáà fẹ́ bá wọn tún un ṣe. Ó ní, "Alhaji, Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn yín."

Bàbá ní, "Rárá. Àmín kì í ṣe ẹja tí wọ́n ń gbà padà lọ́wọ́ oníbàárà. Mo ti ṣe é. Kó máa bá wọn lọ."

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Onibéèsì ti ń fò sókè. Bàbá kò wò wá mọ́. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó lọ sétí omi láti ti ọkọ̀ sódò, kó lọ dẹ àwọ̀n ìrọ̀lẹ́. Onílù sáré tẹ̀lé e, ó fi èjìká ti ìdí ọkọ̀, níbi tó ti máa ń fi tì í láti kékeré.

Bàbá fi ọwọ́ rọra sún un kúrò. Ó ní, "Fi sílẹ̀. Mo ti ṣe àmín sí i."

Òun nìkan ló ti ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ kọ̀, ó kọ̀, kó tó wá yọ̀ wọ omi. Nígbà tí bàbá ti wà lójú omi dáadáa, onílù wa ṣì tẹ̀ba nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó na èjìká síwájú bíi pé ọkọ̀ náà kò tíì kúrò.