Ohun Tí N Kò Jẹ́ Kí Ó Wọ Ìwé Adójútòfò

N kò fẹ́ràn ẹni tí ó bá ń béèrè ohun tí mo ní. Bàbá mi, tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Kumasi kí wọ́n tó bí mi, kọ́ wa pé ẹni tí ń fi ojú ka ẹrù ẹni ti ń fi ọkàn gbé e lọ. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan láti ìjọ wa gbé fáìlì wá sí ilé tí mo háyà ní àdúgbò Alabar, tí ó ní òun fẹ́ kọ gbogbo ohun tí ń bẹ nínú iyàrá mi sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni mo gbé àga sí fún un.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní bí ayálégbé bá ń san owó díẹ̀díẹ̀, tí iná tàbí olè sì ba ẹrù rẹ̀ jẹ́, àwọn yóò ra òmíràn fún un.

"Bàbá onílé ti ṣe inṣọ́ránsì ilé yìí," ni mo wí. "Ìwé rẹ̀ ni ó wà lára ògiri yẹn."

"Mama, ògiri ilé nìkan ni ìwé yẹn wà fún. Ẹrù yín kò sí níbẹ̀."

"Ta ni ó rán ọ?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́?"

Ó jọ ọ́ gidigidi. Bàbá onílé ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣòwò nínú iyàrá, àfi kí ó san owó ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun ni mo fi ń rán aṣọ ẹgbẹ́ akọrin àti yúnífọ́ọ̀mù, òun ni kò sì jẹ́ kí n máa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi. Mo gbà pé ojú bàbá onílé ni ọmọbìnrin náà.

Nígbà tí ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbà, kí n lè sinmi. Mo pe ẹrù fún un: ibùsùn, àga méjì, fíríìjì, àwọn ìkòkò.

"Ó tán?"

"Ó tán."

Ó wo ìró mi. "Mama, òwú lẹ̀ mọ́ yín lára o."

"Bọ́tìnnì ni mo ń gán."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí nínú ìwé yìí, a ò mọ̀ ọ́n rí o."

Mo ní lọ́kàn mi pé ìjẹ ẹ̀tàn ni, n kò sì gbé e mì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí iná mànàmáná tí wọ́n ti mú lọ padà dé pẹ̀lú agbára. Wáyà jó nínú iyàrá aládùúgbò mi, iná sì gba òkè àjà wọ tèmi. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tí mo dé, àwọn panápaná ti ń ká rọ́bà wọn. Ẹ̀rọ mi ti yọ́; aṣọ akọrin tí mo rán dé ìdajì ti di eérú.

Bàbá onílé dúró ní àgbàlá, ó ń fi èdè Twi bá mi kẹ́dùn: "Maame, due, due." Ó ní òun yóò tún àjà àti ògiri ṣe. Ẹrù mi kò sí nínú rẹ̀.

Mo bi í léèrè ọmọbìnrin tí ó rán sí mi.

"Ọmọbìnrin wo?" ni ó wí. Ojú rẹ̀ sọ fún mi pé kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ọmọbìnrin náà wá ya fọ́tò ohun tí ó jóná. Ó dúró níwájú irin dúdú tí ó wà lẹ́yìn ibi tí kọ́tìnnì wà tẹ́lẹ̀.

"Mama, kí ni èyí?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni."

Ó ṣí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ì bá bá mi wí, ara ì bá tù mí.

"Kò sí níbí."

"Mo mọ̀."

Wọ́n gbé ibùsùn, àga, fíríìjì àti ìkòkò tuntun wá, gẹ́gẹ́ bí mo ti pè é gan-an.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé onílé, n kò ní kí ẹ gba gbogbo ènìyàn gbọ́. Ẹ ka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọn kò ní san. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fi ń jẹun, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Ní báyìí, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní àdúgbò Moshie Zongo ni mo ti ń yá ẹ̀rọ lò. Aránṣọ náà fúnra rẹ̀ kò tó ọmọ mi lọ́jọ́ orí. Ní òwúrọ̀ òní, ó ní kí n dúró kí òun fi ẹ̀rọ náà rán síìpù kan tán. Mo dúró.