Owó Orí Tọkọtaya

Bí ẹ bá gba Ashanti New Town kọjá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Fẹ́búárì, tí ẹ rí obìnrin kan tó wọ léèsì, tó lé tìróò, tó fi lọ́fínńdà sí ọrùn, tó jókòó ti fóònù tó gbé ti agolo mílíìkì, ẹ má rò pé òde ló ń lọ. Hàbíbà ni. Owó orí ló fẹ́ ṣírò.

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Olúkúlùkù ló mọ ibi tí ìfẹ́ tirẹ̀ fara sin sí.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti gbé ẹrù aṣọ wá sí Kùmásì, ṣùgbọ́n Kùmásì ni wọ́n bí Hàbíbà àti bàbá rẹ̀ sí. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti sípù ló ń tà ní ọjà Asafo. Tèslìmù ọkọ rẹ̀ ń ṣe káfíńtà ní Anloga Junction kó tó rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan nílùú Worcester, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì wá sílé láti ìgbà náà. Físà Hàbíbà ṣì wà lójú ọ̀nà, ọ̀nà náà sì ti gùn débi pé kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀ mọ́. Àmírà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wọlé ọkọ ní Tamale. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jọ ń gbé ilé bàbá wọn ti tú ká pátá. Hàbíbà nìkan ló ń sùn níbẹ̀, òun nìkan ló ń jí, ọbẹ̀ tó bá sè lónìí ni yóò máa gbóná jẹ títí ọ̀la òun ọ̀tunla.

Tèslìmù kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ń fi owó ránṣẹ́ déédéé, Ọlọ́run ò ní gbàbọ̀dè, àmọ́ bó bá pè, "Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé o rí nǹkan tí mo fi ránṣẹ́? Ó dàbọ̀," ló parí. Àfi nínú oṣù Fẹ́búárì. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà pé kí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà lókè òkun kà á mọ́ra, kí wọ́n san owó orí pọ̀ bíi tọkọtaya tó ń gbé abẹ́ òrùlé kan, bí wọ́n bá ṣáà ti lè gbé gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì rí lọ́dún náà síta, títí kan èrè bọ́tìnnì Asafo. Hàbíbà kọ́ ìṣirò owó nílé ìwé, orí rẹ̀ sì pé sí i, nítorí náà òun ló ń ṣe é. Tèslìmù á ka iye owó tirẹ̀, òun á kọ ọ́ sílẹ̀. Òun náà á ka èrè tirẹ̀, Tèslìmù á ní, "Ha! Ọjà ẹ tà paa lọ́dún yìí!" Láti ibẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà, wọ́n á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ yìnyín, wọ́n á dé orí orúnkún tó ń dun Tèslìmù. Ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí wọ́n tó mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn, Hàbíbà a máa ní ọkọ.

Kódà, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní nọ́ńbà owó orí tirẹ̀. Ìjọba tí kò rí ojú rẹ̀ rí mọ̀ ọ́n ní ìyàwó Tèslìmù. Ó mọ nọ́ńbà náà lórí bó ṣe mọ Fátíhà.

Lọ́dún yìí, Tèslìmù pè. Wọn ò tíì kí ara wọn tán tó fi sọ ọ́.

"Ìyá Àmírà, ọ̀rọ̀ owó orí yẹn, mo fẹ́ dá tèmi ṣe lọ́dún yìí."

"Ẹ fẹ́ dá a ṣe báwo?"

"Kí n yọ orúkọ ẹ kúrò níbẹ̀. Kí n san tèmi lọ́tọ̀."

"Kí ló dé, Bàbá Àmírà? Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ó kàn rọrùn bẹ́ẹ̀ ni."

Ọlọ́jà ni Hàbíbà, ọlọ́jà kì í sì í jẹ́ kí oníbàárà lọ láìjẹ́ pé wọ́n ti nájà. "Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe é," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ọ̀nà méjèèjì, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Tò," ni Tèslìmù dáhùn, ó sì lọ.

Ẹni tó máa ṣe irú èyí, ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ jẹ́ kéèyàn bọ́ léèsì ọrùn rẹ̀ ná? Hàbíbà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó lè gbé e lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó fa páálí bọ́tìnnì kan ya lórí tábìlì ọjà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Owó tí Tèslìmù gbà lọ́dún tó kọjá jẹ́ dọ́là 61,200. Tirẹ̀, lẹ́yìn tó sọ owó sídì di dọ́là, jẹ́ 2,000. Bí wọ́n bá kà á pọ̀, ìjọba á kọ́kọ́ yọ 29,200 sọ́tọ̀ tí kò ní fọwọ́ kàn. Ó ku 34,000. Wọ́n á gba mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí 23,200 àkọ́kọ́, wọ́n á gba méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìyókù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,616. Àmọ́ bí Tèslìmù bá dá dúró, 14,600 péré ni wọ́n á yọ sọ́tọ̀ fún un, lórí 11,600 àkọ́kọ́ péré ni wọ́n á sì ti gba mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, owó orí rẹ̀ á sì fò sókè di 5,360. Ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Dọ́là 1,744 ló fi jura lọ.

Inú Hàbíbà dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Tèslìmù yìí kan náà tó máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Anloga wá sí Asafo, nítorí kó má baà san owó ọkọ̀! Ṣé òun ni yóò gbé irú owó bẹ́ẹ̀ fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́? Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Adwoa tó ń ta ìborùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na ọrùn wò ó. "Hàbíbà, wo kunu afrɛ wo?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ti pè.

"Kwasiada, ɔbɛfrɛ," ni Hàbíbà dá a lóhùn. Ó di ọjọ́ Àìkú. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé.

Nǹkan kan péré ló ń kọ ọ́ lóminú. Ó ti kà á nínú òfin wọn pé tọkọtaya tó bá fòpin sí irú àdéhùn yìí kò tún lè wọ inú rẹ̀ mọ́ títí láé. Nínú ìsìláàmù, bí ọkọ bá kọ aya lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì lè ronú pìwà dà láàárín oṣù mẹ́ta, kó pè é padà wálé. Ìjọba Amẹ́ríkà kì í fúnni láyè oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú dé, Tèslìmù sì pè.

"Bàbá Àmírà, mo ti ṣe é," ni Hàbíbà wí. "Tá a bá ṣe é pọ̀, 3,616 lẹ máa san. Tẹ́ ẹ bá dá a ṣe, 5,360. Dọ́là 1,744 lẹ máa pàdánù. Wallahi, mo tún un ṣe, ibì kan náà ló já sí."

"Mo mọ̀," ni Tèslìmù wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"1,744. Mo ti ṣírò rẹ̀ kí n tó pè ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ta ló bá yín ṣe é?"

"Èmi fúnra mi."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá já a, kò ṣeé so mọ́?"

"Mo kà á níbẹ̀."

Hàbíbà wá béèrè ìbéèrè tó ti wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan. "Ṣé obìnrin ni?"

Ká sòótọ́, ó ń gbàdúrà pé kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ bá orogún méjì gbé ilé, ojú Hàbíbà ló sì ṣe. Orogún ní orúkọ, èèyàn lè bá a jà, èèyàn sì lè bá a rẹ́.

"Kò sí obìnrin kankan," ni Tèslìmù wí. "Hàbíbà." Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Àmírà, kò pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀ rí. "Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Mo ń jáde, mo ń wọlé, èmi nìkan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo máa ń kọ ọ́ síwèé pé èmi àti ìyàwó mi. Tí mo bá ti kọ ọ́ tán, mi ò kì í lè jẹun. Mo fẹ́ máa kọ ọ́ bó ṣe rí."

"Ṣé ẹ kọ̀ mí ni?"

"Mi ò kọ̀ ẹ́. Yìgì wa wà níbẹ̀. Owó á máa wá."

Ọkùnrin yìí mọ iye tó máa ná an gan-an, ó sì gbà láti san án, kí wọ́n má baà kà wọ́n pọ̀ mọ́.

"Tò," ni Hàbíbà wí níkẹyìn. "Ẹ má gbàgbé láti buwọ́ lù ú."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wá bú sẹ́kún. Kò fi ọwọ́ bo ẹnu, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò sí ẹnì kankan nínú ilé tí yóò gbọ́.