Àbàtà Tí Ọkọ Mi Ṣọ́

Òórùn ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Iba nígbà tí ọkọ mi mú mi wá láti Abẹ́òkúta, ìyàwó tuntun. Ìgbà ìjọba ológun ni, kí ilé tó kún ibẹ̀ báyìí. Ẹ̀yìn ilé wa ni àbàtà wà, ó tẹ́ lọ rẹrẹ sí ìhà Okokomaiko. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti ń já ewé eéran tí wọ́n ń tà fún àwọn onímọ́ínmọ́ín, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dẹ ìgèrè fún ẹja àrọ̀. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, ṣe ni mo máa ń fi ìborùn bo imú kọjá. Lójú mi, omi ìdọ̀tí lásán ni.

Àfi ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, tí wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní àbàtà náà ló ń gba omi òjò dúró kó má baà ya wọlé wa, pé inú rẹ̀ ni ẹja ti ń pa ọmọ, nítorí náà ìjọba ti dáàbò bò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀, kò gbọdọ̀ já ewé, kò gbọdọ̀ dẹ ìgèrè. Ọkọ mi, kápẹ́ńtà tí iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yá fún, ni wọ́n gbà pé kó máa ṣọ́ ọ. Wọ́n fún un ní kakí àti bàtà òjò. Láràárọ̀ ni mo ń lọ kakí yẹn títí yóò fi le gan-an, bó bá sì ń lọ, màá sìn ín dé ojú títì kí àwọn ayálégbé lè mọ̀ pé ìyàwó ìjọba ni mí. Ọmọdé ń ṣe mí nígbà náà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó lé jáde ni ìyá tó bí i lọ́mọ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ̀ ọ́ mọ́,” ló wí, kò lè wò wọ́n lójú. “Bí mo bá fi yín sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó kù?”

Màmá dúró nínú omi, ó mù wọ́n dé orúnkún. “Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ kí ibí yìí wà bẹ́ẹ̀ títí?”

“Lóòótọ́ ni, Màmá.”

“Ó dáa. Bó bá jẹ́ nítorí àwọn ọmọ yín, mo ti jáde.”

Wọn kò sì wọ ibẹ̀ mọ́. Èédú ni wọ́n ń tà níwájú ilé láti ọjọ́ náà, kò sì tà. Àwọn obìnrin yòókù ń ṣépè fún ọkọ mi, ó ń gbọ́, ó sì ń ṣọ́ àbàtà rẹ̀ lọ. Ó gba ọ̀rọ̀ ìjọba gbọ́ bí ìyìn rere.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn típà gbé yanrìn dé. Ọkọ mi dúró síwájú wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ kan yọrí síta: “Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà o. Àwọn tó gbé yín síbẹ̀ ló ní ká wá dà á.”

Ó ní irọ́ ni. Ó gba ọ́fíìsì lọ. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé wọ́n ti pín ilẹ̀ náà fún àwọn èèyàn ńlá. “Àbí ìwọ lo ni omi ni?” Wọ́n ní kó bọ́ kakí ìjọba sílẹ̀ lórí ìdúró. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ rìn wálé lọ́sàn-án gangan, lójú àwọn obìnrin tó ti lé. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Òjò ọdún yẹn dé, omi tí wọ́n fi yanrìn lé kúrò nílé rẹ̀ wá bá wa gbé. Àwọn àgbà ní odò kì í kún bo ẹja lójú, ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ẹja. Ògiri yàrá Màmá wó. A fà wọ́n jáde láàyè, àmọ́ òtútù ti wọ̀ wọ́n lára, wọn kò sì dìde mọ́. Ọkọ mi kúnlẹ̀ síbi ẹní wọn, ó ń sunkún.

“Dákẹ́,” ni wọ́n wí. “Mo gbọ́ tìrẹ, kò dùn mí. Àwọn tó rán ọ níṣẹ́ ni kò gbọ́ tẹnu ara wọn.”

Ilé alájà ló kún ibẹ̀ lónìí, a ò mọ àwọn onílé náà, wọn ò mọ̀ wá. Ọkọ mi ru ẹrù ní ọjà Àlàbá títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń sọ lórí rédíò pé àwa ará ìlú ló ń ba àbàtà jẹ́, pé kí a kọ́ bí a ṣe ń pa á mọ́. Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, títí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.